Ọ̀gá Mi Tó Mọ Ibojì Gbogbo Ènìyàn, Àfi ti Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó ti fóònù, tí ẹ ń bi ara yín léèrè pé iṣẹ́ wo lẹ ó ṣe láyé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi ṣe fún yín. Ẹ má sá o. Òkú ni mo ń wá kiri. N kò hú wọn, n kò sì sin wọ́n. Ibi tí wọ́n sin wọ́n sí ni mo ń wá, tí mo sì ń kọ sílẹ̀: ta ló wà níbẹ̀, ọmọ ta ni, ta ló mọ̀ ọ́n. Ọmọge ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe é títí orúnkún mi fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní Oǹdó tí wọ́n ti bí mi, Fúnmi Olókùú ni wọ́n ń pè mí. Ní Àkúrẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ọ̀wọ̀ díẹ̀ kún un, ó di Màmá Olókùú.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba àlàyé. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo jókòó sílé, ìyá mi sì gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn àgbà ìjọ ń wá ọmọ tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ó ti fi orúkọ mi sílẹ̀ kó tó béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n máa kọ. Ní ti owó oṣù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Inú mi dùn lónìí, ẹ má bà á jẹ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe itẹ́ òkú nìkan là ń sin èèyàn sí. Bàbá wà níwájú ilé, ìyá bàbá wà ní pálọ̀, àbúrò ìyá wà lóko, àwọn mìíràn wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn tó mọ̀ wọ́n bá ti kú tán, àwọn tó kù á wá máa sá aṣọ sórí ẹni tí wọn ò mọ̀. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ kí á kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílùú àti lábúlé kó tó di ìjà. Iṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ kò jẹ́ kí n tètè lọ́kọ. Bí ọkùnrin kan bá ti mú mi délé, ìyá rẹ̀ á béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, bí mo bá sì ti sọ ọ́, oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ fún mi á pẹ́ ní ilé ìdáná títí n ó fi dìde. Ẹni tó fẹ́ mi níkẹyìn, káfíńtà tó ń kan pósí ni. Àwa méjèèjì mọ ara wa.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Bàbá Abíọ́nà. Tíṣà àgbà ni tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó gbà á láyè, ẹnu náà kì í sì í gbà. Yorùbá ìwé ló máa ń sọ. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń sọ ẹ̀ka èdè Oǹdó, ẹ wá ibi sá gbà, inú ti bí i nìyẹn. Ó ní a kò gbọdọ̀ kọ ibojì tí a kò dúró níwájú rẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ kí àwọn tó ni ilé kí á tó béèrè ẹni tó sùn sílé. Ó sì ní a kò gbọdọ̀ jókòó lórí ibojì, bó ti wù kó rẹ̀ wá tó.

Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fi orí gbá. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Bàbá Abíọ́nà dúró lókè orí mi, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n ka orúkọ tó wà lára òkúta náà, kí n sì bẹ ẹni tó ni ín. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò rí yín ni." Obìnrin kan tó ń kọjá lọ sí ọjà yà sọ́dọ̀ wa, ó ní, "Tíṣà, ṣé orí ọmọ yìí pé báyìí?" Ọ̀gá mi ní kí ó má dá mi dúró, n kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán.

Nígbà tí mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́, ó ní kí n dá lọ sí Bọ́lọ́rundúró. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ kó kòkó ló gbé mi gba ọ̀nà igbó náà, egungun ìdí mi kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Níwájú ilé kan, mo rí ibojì kan tó rẹwà. Símẹ́ǹtì rẹ̀ ń dán, wọ́n kọ orúkọ sí i gàdàgbà: Jeremáyà Akínlolú. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n sá kòkó bo orí rẹ̀ pátá. Mo ní irú ọmọ wo lèyí, tó ń sá kòkó sí bàbá rẹ̀ láyà? Mo fi ọwọ́ gbá kòkó náà sápá kan kí n lè rí orúkọ náà kà, mo sì kọ ọ́ pé "Olóògbé Jeremáyà Akínlolú." Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, bàbá arúgbó kan jáde síta pẹ̀lú orín lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o fọwọ́ kan kòkó mi?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Olóògbé tó wà níbí ni mò ń kọ sílẹ̀. Ṣé ẹbí yín ni wọ́n?"

"Olóògbé wo?"

"Bàbá Jeremáyà Akínlolú."

Ó yọ orín kúrò lẹ́nu. "Èmi nìyẹn."

Mo wo bàbá, mo wo ibojì. Ilẹ̀ kò lanu.

"Èmi ni mo kọ́ ọ de ara mi," ó ní. "N kò fọkàn tán ọwọ́ àwọn ọmọ mi. Wọ́n á lọ sin mí bí ẹni gbin ẹ̀gúsí. Àmọ́ títí n ó fi wọlé sínú rẹ̀, ṣé kí símẹ́ǹtì máa jókòó lásán ni? Kòkó mi ń gbẹ níbẹ̀ dáadáa."

Ó mú kí n tún kòkó náà sá bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mo kọ, ó sì mọ ìwé kà ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé orí "Olóògbé", ó ní, "Pa á rẹ́." Mo pa á rẹ́. "Pa á rẹ́ dáadáa." Mo fi rọ́bà ra bébà náà títí ó fi lu, ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Bàbá Abíọ́nà kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo délé. Ó ní mo dúró níwájú ibojì lóòótọ́, àmọ́ ṣé mo kí onílé? Ó mú obì, ó mú mi padà lọ bẹ bàbá náà. Nígbà tí à ń bọ̀, inú bí mi nínú ọkọ̀. Èmi tí mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú, tí mo tún ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ alààyè! Mo yọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ọmọ yọ sí àgbà.

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibojì gbogbo ayé, níbo ni ti ìyá yín wà?"

Ọkọ̀ náà kó sí kòtò, ó jáde. Bàbá Abíọ́nà wo ojú ọ̀nà, ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n, Fúnmi."

Bó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí i, lójú ọ̀nà, níbi tí kì í ṣe ilé wọn. Bàbá rẹ̀ lọ gbé ọmọ náà wálé sí Oǹdó nínú aṣọ, ó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn tó tọ́ ọ dàgbà. Ìbànújẹ́ dí bàbá náà lẹ́nu. Bí ọmọ bá béèrè ìyá rẹ̀, bàbá á kàn mú fìlà, ó di oko. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí òun náà fi kú.

"Abíọ́nà lorúkọ mi," ọ̀gá mi ní. "Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí mi sí, gbogbo ẹni tó bá pè mí ló ń sọ ọ́ fún mi. Ọ̀nà wo? N kò mọ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀ pàápàá. Ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí n má kú kí n tó mọ ibi tí ó sùn sí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo dákẹ́ títí a fi dé Oǹdó, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí abúlé tí mo dé tí n kì í béèrè: ǹjẹ́ obìnrin Oǹdó kan bímọ lójú ọ̀nà yín rí, tí ó sì kú? Ẹ̀yìn Oǹdó níbi tí àwọn oko pọ̀ sí la ti kọ́kọ́ wá a, nítorí Bàbá rò pé oko ni ìyá rẹ̀ ń lọ. A kò rí i. Ní Ìgbàrà-Òkè, bàbá kan ní òun mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ owó. Ó mú wa wọ igbó, ó mú wa gun òkè, ó sì fi ọwọ́ sọ ilẹ̀ kan fún wa. Bàbá Abíọ́nà ṣí fìlà. Bí a ṣe dúró ni ọkùnrin náà ti ń sunkún, ó ń ròyìn bí olóògbé ṣe mọ ìgalà lé tó. Ajá ọdẹ rẹ̀ ni.

Ẹ má rò pé bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ni wọ́n ń ṣe é báyìí. Àdá, ìgbálẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì àti èédú ni irinṣẹ́ wa. Òkúta tí òjò bá ti fọ ojú rẹ̀, a ó tẹ́ bébà lé e, a ó fi èédú ra á, lẹ́tà á sì yọ. Mo máa ń délé ní dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí èédú kò bá mú un, Bàbá Abíọ́nà kọ́ mi láti bu láfún. Ẹ ó fọ́n ìyẹ̀fun náà sára òkúta, ẹ ó fi ọwọ́ nù ún kúrò lókè, èyí tó kù nínú ihò lẹ́tà á sì funfun báláú, ẹ ó kà á bí ìwé. Kámẹ́rà dé lẹ́yìn náà, a ń ya fọ́tò tí a kò ní rí títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, èyí tó ń sọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ní Àkúrẹ́ kó gbogbo ibojì wa sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì ní alàgbà kan wà láàrin Odò Àlà. Mo ní bóyá ó lọ wẹ̀ ni.

Bàbá Abíọ́nà ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, èmi ni ọ̀gá. Àmọ́ kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í pè mí lórí fóònù. Kì í kí mi. "Ṣé o rí i?" ni ó máa ń sọ. N ó ní, "N kò tíì rí i, Bàbá." Á ní, "Ó dáa," á sì pa fóònù. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ohùn tó fi ń sọ "Ó dáa" yẹn ń rẹlẹ̀ sí i, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé fóònù náà.

Ìpogun ni àjálù ti wá bá mi. Mo lọ kọ àwọn ibojì tó wà níbẹ̀, olórí ìjọ sì gbà mí sílé. Nínú agbo ilé ńlá kan, òkúta àtijọ́ kan wà tí fóònù ya títí tí kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ewédò. Mo ní ẹ̀rọ ti kùnà, ẹ jẹ́ kí á padà sí ti àwọn bàbá wa. Mo yọ láfún inú báàgì mi, mo fọ́n ọn, mo ka orúkọ náà, mo kọ ọ́. Òjò ń ṣú, mo sáré kúrò níbẹ̀ láìfọ òkúta. Òjò náà kò rọ̀.

Láàárọ̀, ariwo ló jí mi. Àwọn ará ilé náà jí, wọ́n rí ẹbu funfun láyà bàbá wọn. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ewúrẹ́ kan ti lá nínú rẹ̀, ó sì nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ti wá fi oògùn sí ibojì kí ọmọ ilé lè kú tán. Ẹni tó rí mi níbẹ̀ lánàá kò ṣòro láti rí. Nígbà tí wọ́n fi máa mú mi dé iwájú olórí ẹbí, àwọn àgbà ti jókòó.

"Kí lo dà sórí bàbá wa?" olórí ẹbí béèrè.

"Láfún ni, Bàbá."

"Láfún? Ṣé ó ní ebi ń pa òun ni?"

"Kí n lè ka orúkọ wọn ni mo fi bù ú."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé nílùú tìrẹ nìyẹn? Bí ó bá jẹ́ láfún lóòótọ́, uṣẹ́ kékeré ni. Èyí tó kù nínú báàgì rẹ, rò ó, kí o jẹ ẹ́ lójú wa."

Wọ́n dáná, wọ́n gbé omi kaná. Mo ń fi kánkán rò ó, ọkà náà sì di kókó. Ọkùnrin kan pariwo pé ẹ wò ó, láfún gidi kì í dì bẹ́ẹ̀, oògùn ni! Ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yìn dá a lóhùn pé, "Oògùn kọ́. Kò mọ ọkà rò ni." Ó dùn mí ju ẹ̀sùn oògùn lọ. Mo béèrè ọbẹ̀. Olórí ẹbí ní ọbẹ̀ kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Mo ń gbé e mì ní gbígbẹ, gbogbo agbo ilé ń wo ọ̀fun mi bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń dúró kí n ṣubú. Èmi kò ṣubú, ewúrẹ́ ló dìde. Ó gbọn ara, ó lọ tààrà sídìí ibojì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lá èyí tó kù. Ẹ̀rín bẹ́, olórí ẹbí gan-an fi fìlà bojú.

Ìyá arúgbó tó bú ọkà mi, Ìyá Dọ̀tun lorúkọ rẹ̀, òun ló dàgbà jù nínú ilé náà. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná, ó ní ọmọ tó jẹ ọkà láìsí ọbẹ̀ nílé àwọn, ìtìjú àwọn ni. Ó bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún mi, ó sì béèrè pé irú uṣẹ́ wo ni obìnrin ń ṣe tó rí báyìí. Mo ṣàlàyé. Ọbẹ̀ wà lẹ́nu mi nígbà tí mo béèrè ìbéèrè mi àtijọ́, n kò tilẹ̀ retí èsì: ǹjẹ́ obìnrin Oǹdó kan bímọ lójú ọ̀nà yín rí, tí ó sì kú?

Ó gbé ìpọnkọ tó fi ń bu ọbẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ààrò tí o kọjú sí yìí ló wà."

Ó jókòó tì mí, ó ń sọ ọ́. "Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè. Ìrọbí mú un lójú ọ̀nà, yèyé mi gbé e wọ ulé. Ọmọdé ni mí, èmi ni mo ń gbé omi gbígbóná. Ọmọ bọ́ sáyé, ìyá lọ. Wọn kò ní sin àlejò síwájú ulé láàrin àwọn bàbá, yèyé mi bá ní kí wọ́n sin ín síbí, kó lè máa gbọ́ ohùn àwa obìnrin. Yèyé mi fún ọmọ náà lọ́mú pẹ̀lú àbúrò mi títí bàbá rẹ̀ fi wá gbé e. Yèyé mi náà ló sọ ọ́ ní Abíọ́nà."

Mo sunkún sínú ọbẹ̀. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

Ó ní, "Ṣé o dúró níwájú rẹ̀?"

"Mo jókòó ni, Bàbá. Mò ń jẹ ẹ̀gúsí."

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, èdè Oǹdó ló fi sọ ọ́, n kò sì lè kọ ọ́ síbí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà á wá nínú ọkọ̀. Bàbá Abíọ́nà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwa méjì la dì í mú wọ ilé ìdáná. Ẹ ó rò pé á sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán Ìyá Dọ̀tun wò bí ọmọ iléèwé: ta ló wà níbẹ̀, ta ló gbẹ́ ilẹ̀, orí rẹ̀ kọjú síbo? Ìyá náà dá a lóhùn títí ó fi sú u.

"Bàbá, ṣé ìyá yín lẹ wá rí ni, àbí ẹ wá fún mi ní ìdánwò?"

Ohùn Bàbá Abíọ́nà wálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Morẹ́nikẹ́," Ìyá Dọ̀tun ní. "Ṣé mo lè gbàgbé ni? Yèyé mi di orí rẹ̀ mú, ó ń pè é. Morẹ́nikẹ́, má sùn. Morẹ́nikẹ́, dá mi lóhùn. Ó pè é títí tí kò fi dáhùn mọ́."

Bàbá Abíọ́nà tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ààrò. Mo ní, "Bàbá, ẹ pe orúkọ wọn kí wọ́n gbọ́."

Ó yíjú sí mi bí ìgbà tí mo jókòó lórí ibojì. "Ṣé orúkọ ìyá ẹni ni ọmọ ń pè ni? Ìwọ, bá mi pè é."

Mo kọjú sí ẹ̀yìn ààrò, mo pè é. "Morẹ́nikẹ́!" Ìyá Dọ̀tun bá mi pè é. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, àwọn náà pè é. Bàbá Abíọ́nà bá ṣí fìlà rẹ̀, ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa. Ọmọ rẹ̀ ń ké pé, "Dádì, ẹ̀yìn yín o!" kò gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú, ó kọjú sí ẹ̀yìn ààrò.

"Màmá mi," ó ní, "ẹ kú àtijọ́ o."